Ìṣẹ́jú Àáyá Méjìdínlógún ti Daddy Nunhead

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi táímà lé mi lọ́wọ́ ni mo ti ba iṣẹ́ jẹ́. Daddy Nunhead ló kàn láti yìnbọn. Wọ́n dúró sínú àpótí tí a fi téèpù yà sórí ilẹ̀, wọ́n de táì, wọ́n wọ wẹ́síkóòtì bí ẹni tó ń lọ gba àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí mi, wọ́n ní, "Káàsán o, ìyá mi." Kí n tó mọ̀, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀. Bí mo ṣe ń lọ sílẹ̀ ni àtàǹpàkò mi tẹ bọ́tìnì. Táímà ké, Daddy fa ìbọn yọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìn, èmi sì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, mò ń sọ pé, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mummy ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá mi, Mr. Colin, rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jókòó. Nígbà tó ráyè sọ̀rọ̀, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò tíì rí kí range officer, ẹni tó ń darí ìyìnbọn, kúnlẹ̀ fún shooter tó ń yìn ín rí. Ojú tì mí débi pé mo ń wá ibi tí mo máa fi orí pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n Daddy kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú ìbọn wọn, wọ́n fi hàn mí pé kò sí ọta nínú rẹ̀, wọ́n tì í bọ àpò tó wà ní ìbàdí wọn, wọ́n wá tọ́ka sí ìlà pupa tí a kùn sórí ilẹ̀ ní ẹnu àbáwọlé ibi ìyìnbọn.

"Risi," wọ́n ní, "lẹ́yìn ìlà yẹn, kúnlẹ̀ fún mi bó ṣe wù ọ́. Tí a bá ti kọjá ẹ̀, èmi kì í ṣe Daddy mọ́. Shooter ni mí, ìwọ ni range officer. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Má sọ sà."

"Ẹ má bínú, sà."

Mo rò pé mo ti gba òfin yẹn wọlé lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹnu lásán ni mo fi gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìbọn gidi là ń yìn láàárín Peckham, ní ìlú òyìnbó níbí. Ìjọba ti gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ aráàlú ní ilẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Èyí tí à ń lò jọ ìbọn gidi lójú, ó sì wúwo bíi tiẹ̀, ṣùgbọ́n gáàsì ló ń ti ọta oníke kékeré jáde nínú rẹ̀, ọta tí kò tó hóró àgbàdo. Ó lè lu páálí, ó sì lè fọ́ ojú, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń wọ gíláàsì. Ẹnikẹ́ni kì í mú un yọ ní títì. Inú báàgì tí a ti tì pa ló ń wà láti ilé títí dé ọ̀dọ̀ wa. Daddy a máa gbé tiwọn wọ bọ́ọ̀sì láti Nunhead, pẹ̀lú táì lọ́rùn wọn, àwọn èèyàn a sì máa bi wọ́n léèrè irú fèrè tí wọ́n ń fun ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Abẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin ni gbọ̀ngàn wa wà, lẹ́yìn Rye Lane, láàárín mẹkáníìkì kan àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Tí ọkọ̀ bá ń kọjá lórí wa, ògiri a máa gbọ̀n. Táímà sì ní etí: ariwo ìbọn ló ń gbọ́ tó fi ń mọ ìgbà tí ọta kọ̀ọ̀kan jáde, ariwo mìíràn sì lè tàn án jẹ. Nítorí náà, tí a bá ti gbọ́ ọkọ̀ lókèèrè, gbogbo wa a dúró jẹ́ẹ́ títí yóò fi kọjá. Mo fẹ́ràn ìdúró yẹn púpọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń fi ṣe tẹ̀súbáà, kí n fi yin Ọlọ́run bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Iṣẹ́ carer ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀, ní Forest Hill. Mo gbé àwọn àgbàlagbà dìde, mo wẹ̀ fún wọn, mo fún wọn lóúnjẹ, títí ẹ̀yìn mi fi sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa ló sọ fún mi pé wọ́n ń wá ẹni tó máa jókòó sí reception ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan. Badminton ni mo rò. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo rí ìbọn mẹ́rin lórí tábìlì, ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ yí padà kí Mr. Colin tó fi tíì lọ̀ mí. Iṣẹ́ àtúnṣe ìbọn lòun fúnra rẹ̀ kọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, òfin sì dé, iṣẹ́ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kì í ráhùn. Ó kàn gba ìbọn gáàsì tí òfin fi sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn.

Lẹ́yìn ọdún kan lórí àga reception, ó ní òun ti ń wò mí, pé ojú mi kì í fo nǹkan. Ó wá fi iṣẹ́ range officer kọ́ mi. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó fún mi ya mí lẹ́nu. "Má wo páálí," ó ní. "Páálí kò ní sá lọ. Ìbọn ni kí o máa wò, àti ìka." Ìdí ni pé tí shooter bá ń rìn láti àpótí kan sí èkejì, ìka rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lórí tírígà, kó nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn kí gbogbo ayé rí i. Tí ẹsẹ̀ bá ń rìn tí ìka ṣì wà nínú ibẹ̀, range officer gbọ́dọ̀ pariwo "Stop!" Eré onítọ̀hún ti parí lọ́jọ́ náà nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ìka rẹ̀ níwà níbí, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe níbikíbi.

Ohun tó wá jẹ́ kí iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára ni bí a ṣe ń wọn ọwọ́ èèyàn. Páálí mẹ́fà là ń tò, ọta méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọta tó bá wọ àárín páálí gba máàkì márùn-ún, èyí tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gba mẹ́ta, èyí tó wà níta pátápátá gba ẹyọ kan. Máàkì nìkan kò tó, nítorí táímà ti ka ìṣẹ́jú àáyá, a ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá yẹn pín máàkì. Ẹni tó ń sáré tí ọta rẹ̀ fọ́n káàkiri, òfo ni. Ẹni tó ń rọra bí ìyàwó tuntun náà, ìṣẹ́jú àáyá á jẹ ẹ́ tán. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lọ nínú ẹgbẹ́ wa gba máàkì márùn-ún fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ la máa ń gbé tìrẹ sí. Tí tìrẹ bá jẹ́ mẹ́ta, ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni o gbà.

Ibẹ̀ ni ipò ti ń wá. Ẹni tí kò bá tó ogójì wà ní D. Láti ogójì títí dé ẹnu ọ̀nà ọgọ́ta ni C. Ọgọ́ta ni B ti bẹ̀rẹ̀, A wà lókè rẹ̀, àwọn Master sì wà lókè tí èmi ò tíì débi tí mo máa bá wọn ṣàwàdà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún là ń ṣe ìdánwò. Mẹ́rin tí ó dára jù nínú àwọn èyí tí o ṣe kẹ́yìn la ó kó jọ, a ó pín in sí mẹ́rin, ohun tó bá jáde ni ipò rẹ.

C ni Daddy Nunhead. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, àwọn tó wọ ọkọ̀ òkun wá sí ìlú yìí nígbà tí irun wọn ṣì dúdú. Ẹlẹgbẹ́ wọn kan ní wọ́ọ̀dù ló mú wọn lọ sí ẹgbẹ́ oníbọn, ìbọn gidi nígbà náà. C ni wọ́n wà nígbà tí òfin dé, wọ́n sì gbé ìbọn wọn lọ fún ọlọ́pàá pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ nípa gbọ̀ngàn Mr. Colin, wọ́n ti fẹ̀yìntì, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kúrò ní D lóṣù díẹ̀. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà B yìí, wọn ò rí i wọ̀. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ọgọ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Mummy, ìyàwó wọn, máa ń tẹ̀ lé wọn wá. Tíṣà ni Mummy, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Lewisham ni wọ́n ti fẹ̀yìntì. Wọ́n ní àga tiwọn lẹ́yìn ìlà pupa, wọ́n sì ní fúláàsìkì tíì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ kan mo bi wọ́n pé ṣé wọn ò ní gbé káàdì ipò Daddy sínú férémù.

"Risi, I gave C to plenty children," Mummy dáhùn. "Kì í ṣe fail. Ṣùgbọ́n ògiri pálọ̀ mi, certificate àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀. Mi ò ní gbé C kọ́ ọ. Tí wọ́n bá gba B, wọ́n lè bọ́ síbẹ̀."

Daddy ń nu ìbọn wọn lọ. "O gbọ́ ohun tí wọ́n sọ," wọ́n ní fún mi. "Mo ti ń bẹ̀bẹ̀ àyè nínú ilé ara mi láti ọjọ́ yìí wá." Àwọn méjèèjì wá bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn wọn gan-an ni. Òbí mi méjèèjì ti kú kí n tó rí owó ọkọ̀ lọ sílé, ohun tí mi ò lè ṣe fún wọn ni mò ń ṣe fún Daddy àti Mummy Nunhead ní gbogbo Sátidé: gbígba báàgì, fífa àga, ìkúnlẹ̀.

Ní Sátidé kan, Daddy dé ṣáájú gbogbo èèyàn. Wọ́n jókòó sí iwájú tábìlì mi, wọ́n ń wo ojú mi bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀.

"Risi, ojú mi ń lọ," wọ́n ní. "Àárín ló ń kọ́kọ́ lọ. Tí mo bá wò ọ́ báyìí, mo rí hijab rẹ, mo rí etí tábìlì. Mi ò rí imú rẹ dáadáa. Consultant, dókítà ojú mi, ní kò sí ohun tó máa dá a padà."

Mo fa àga mi sún mọ́ wọn. "Daddy, Mr. Colin ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

"Mo ti sọ fún un. Ó dán mi wò lọ́jọ́ Thursday, ó ní mo ṣì lè ṣe ìdánwò méjì tó kù lọ́dún yìí, ojú òsì ṣì ń gbìyànjú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Mo ti ṣírò ẹ̀. Tí mo bá gba sixty-two nínú ọ̀kan péré, average mi á wọ sixty. B nìyẹn." Wọ́n na ọwọ́ kọjá tábìlì, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Mò ń sọ fún ọ torí ìwọ ló máa dúró tì mí. Má ràn mí lọ́wọ́ o."

Mo ní mo gbọ́. Mi ò sọ sà, mo rántí.

Ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́ dé. Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ: "Load and make ready." Wọ́n ki ọta bọ ìbọn. "Are you ready, Daddy?" Wọ́n mi orí. "Stand by." Mo tẹ bọ́tìnì.

Mi ò tíì rí wọn kí wọ́n yìnbọn báyẹn rí. Ọwọ́ wọn kò gbọ̀n, ẹsẹ̀ wọn fúyẹ́. Wọ́n parí páálí méjì àkọ́kọ́, wọ́n gbéra lọ sí àpótí kejì, wọ́n sì ń fi máágásíìnì tuntun tí ọta kún inú ẹ̀ sínú ìbọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Mo wo ìka. Ìka wà nínú. Ó wà lórí tírígà, ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo sì rí i bí mo ṣe ń rí ìka tèmi. Ẹnu mi là. Gbogbo ohun tí Mr. Colin kọ́ mi wà lórí ahọ́n mi. Ohun tó jáde ni, "Daddy, ẹ rọra, sà," kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń mú àgbà sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Wọ́n parí eré. Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógún àti díẹ̀. Ọta mọ́kànlá wọ àárín, ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́. Mo fi ẹ̀rọ ṣírò rẹ̀: mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mummy fi fúláàsìkì sílẹ̀, wọ́n gbàgbé ìlà pupa, wọ́n wá di mọ́ ọkọ wọn. Mr. Colin wà lórí fóònù ní reception, kò rí nǹkan kan. Kò sí ẹni tó rí i àfi èmi. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ẹni tó fara pa, pé ojú wọn ń lọ, pé Ọlọ́run mọ ọkàn mi. Mo gbé ìwé máàkì fún Daddy kí wọ́n buwọ́ lù ú, nítorí kò sí máàkì tó dúró láìsí ìbuwọ́lù shooter.

Wọ́n mú bírò. Wọn ò kọ nǹkan kan.

"Risi. Ìka mi ńkọ́?"

Mo tẹjú mọ́ ìwé máàkì náà.

"Ó wà nínú, àbí? Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n lára. Mo wá ní rárá, tó bá wà níbẹ̀ ni, Risi á ti dá mi dúró." Ohùn wọn kò lọ sókè. "Kí ló dé tí o kò dá mi dúró?"

"Daddy, mi ò lè pariwo mọ́ yín."

Wọ́n wò mí pẹ́, pẹ̀lú ojú tí kò rí imú mi. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò ní gbàgbé láéláé. "Gbogbo ọdún yìí, ṣé o ti ń wọ̀n mí ni, àbí o ti ń kí mi?"

"Mò ń wọ̀n yín, sà."

"Gbogbo fifty-nine yẹn ńkọ́? Ṣé tèmi ni? Àbí ìkúnlẹ̀ rẹ wà nínú ẹ̀?"

Mo fẹ́ búra pé tiwọn ni. Ṣùgbọ́n mo rántí ihò kan báyìí, àti ìkejì, tó wà létí ìlà láàárín páálí, tí mo ti pe ní àárín láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì torí inú mi dùn sí wọn. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó wà. "Mi ò lè búra sí gbogbo ẹ̀," mo ní. Daddy mi orí. Wọ́n pe Mr. Colin, wọ́n ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìka àwọn wọ tírígà lórí ìrìn, kó fagi lé ìdánwò àwọn. Wọ́n ti ìbọn bọ báàgì, wọ́n tì í pa, wọ́n mú ìyàwó wọn lọ́wọ́, wọ́n lọ. Mummy ò tilẹ̀ rántí fúláàsìkì.

Ó dùn mí wọra. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, ìfẹ́ náà sì ni, àmọ́ mo ti jí nǹkan lọ́wọ́ wọn. Bàbá yìí ti gbé ìgbé ayé wọn ní ìlú tí àwọn kan ti ń gé ohun tó tọ́ sí wọn kúrú. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n wá tí wọ́n ti fẹ́ kí èèyàn sọ iye wọn fún wọn gan-an, èmi ọmọ wọn ló wá ń fi ẹ̀sín... rárá, ẹ̀sín kọ́, àánú ni. Àánú tí wọn ò tọrọ.

Mo sọ fún Mr. Colin pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kò sí ibi tí mò ń lọ. Ó bi mí pé nígbà tí mò ń ṣe carer, ṣé mi ò pariwo mọ́ àgbà rí? Mo ronú. Mo rántí ìyá kan ní Forest Hill tó fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Mo pariwo débi pé ọmọ rẹ̀ sáré wọlé. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìyá náà sì dúpẹ́. "Ariwo kan náà ni," Mr. Colin ní. Ó wá lọ dúró sí ìparí gbọ̀ngàn, ó ní kí n máa pariwo "Stop!" mọ́ òun títí òun yóò fi gbà pé mo fẹ́ kí òun dúró. Nígbà tó di ìgbà ogún, mẹkáníìkì wá kan ilẹ̀kùn, ó bèèrè bóyá kó pe ọlọ́pàá.

Ọ̀sẹ̀ ń lọ, Daddy ò wá. Mo fọ fúláàsìkì Mummy, mo gbé e sórí tábìlì mi. Mo pè wọ́n lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan láti bẹ̀ wọ́n. Daddy jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán. "Mo ti gbọ́," wọ́n ní. "Pàdé mi ní ìlà pupa."

Wọ́n wá lọ́jọ́ ìdánwò tó kẹ́yìn. Mummy ló mú wọn lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mo pàdé wọn lẹ́yìn ìlà, mo kúnlẹ̀ fún àwọn méjèèjì, mo gbé fúláàsìkì fún Mummy. Mr. Colin tún wo ojú wọn àti ọwọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní ó dáa. A wá kọjá ìlà pupa.

"Shooter, load and make ready."

Orí wọn yí díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mi ò fi Daddy kún un. Mo rí i tí èjìká wọn sọ̀kalẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀.

"Are you ready?"

Ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀. Gbogbo wa dúró. Ó kọjá lórí wa, èyí tó ń lọ sí Nunhead, ògiri gbọ̀n, ó sì dákẹ́. Mi ò ṣe tẹ̀súbáà. Ìka nìkan ni mò ń wò.

"Stand by."

Wọ́n yìn, wọ́n rìn. Ìka wọn nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn bíi rúlà. "Stop" wà ní ọ̀fun mi, odindi, ó ti ṣe tán, ì bá sì jáde. Kò sí ìdí fún un. Wọ́n rìn lọ sí àpótí kẹta, ìka ṣì nà, wọ́n yìn èyí tó kẹ́yìn. Mo wo táímà. Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógún géérégé.

Èmi àti Daddy wá ń wo páálí lọ́kọ̀ọ̀kan, Mr. Colin ń kọ ọ́. Ọta mẹ́sàn-án wọ àárín, méjì wà ní ẹ̀gbẹ́. Ó ku ẹyọ kan, lórí páálí ìkẹfà, ní ẹ̀bá ìlà. Tí ihò bá fara kan ìlà, àárín ni, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni máàkì wọn, tí a bá sì fi ìṣẹ́jú àáyá pín in, wọ́n ti kọjá méjìlélọ́gọ́ta nìyẹn, wọ́n sì ti gba B. Tí kò bá kàn án, mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó sì kù díẹ̀ káàtó. Mo mú ike pẹlẹbẹ tí a fi ń wò ó, èyí tí ó ní òbìrí kékeré láàárín. Mo gbé e lé ihò náà. Mo wò ó lápá ọ̀tún, mo wò ó lápá òsì. Àlàfo wà níbẹ̀. Kò ju fọ́nrán irun lọ, ṣùgbọ́n ó wà.

Daddy bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí etí ojú wọn lè bá wọn wò ó. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Mi ò rí i," wọ́n ní.

"Ẹ jẹ́ kí Mr. Colin wá wò ó. Ẹ ní ẹ̀tọ́ sí i."

"Rárá. Ìwọ ni range officer. Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo lè sọ ohunkóhun. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn tó èmi, ẹni tó ni ọta náà kò sì lè rí i. Omi dé ojú mi. Mo ní, "Ẹ̀gbẹ́ ni."

"Mi ò gbọ́."

"Ẹ̀gbẹ́ ni!" Mo pariwo ẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́, mo sì rò pé mẹkáníìkì náà gbọ́.

Daddy nà dìde. Wọ́n na ọwọ́ fún ìwé máàkì, wọ́n ní kí n fi ìka mi hàn wọ́n ibi tí wọ́n máa buwọ́ lù, wọ́n buwọ́ lù ú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mr. Colin ṣírò rẹ̀. Ọgọ́ta lọ́jọ́ náà, kò dín, kò lé. Nígbà tí ó kó gbogbo rẹ̀ jọ tó pín in, mọ́kàndínlọ́gọ́ta àti ààbọ̀. C.

"Ó ṣeun," Daddy sọ fún mi. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ọkùnrin méjì ṣe máa ń bọ ara wọn lọ́wọ́. "Ní báyìí, mo mọ iye mi. Tèmi ni." Wọ́n tú ìbọn kúrò ní ìbàdí, wọ́n gbé e lé Mr. Colin lọ́wọ́ pẹ̀lú àpò rẹ̀, wọ́n sì kọjá ìlà pupa lọ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó wọn.

Mo ti kọ́ range officer mẹ́ta láti ìgbà náà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ìka, kí wọ́n sì jẹ́ kí ihò jẹ́ ihò. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ràn jù ni kí wọ́n wò lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà ọdún Iléyá tó kọjá, mo gbé ẹran lọ sí Nunhead. Mummy ṣílẹ̀kùn, wọ́n mú mi wọ pálọ̀. Ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ wà lórí ògiri nínú férémù dúdú, ti Bọ́lá lápá kan, ti Káyọ̀dé lápá kejì. Láàárín wọn ni káàdì ipò Daddy wà nínú férémù kan náà, C gàdàgbà, orúkọ mi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí range officer. Mo yíjú sí Mummy.

"Kí lò ń wò?" Mummy ní. "Wọ́n wọn ọkọ mi dáadáa. Ó yẹ kó wà níbẹ̀."

Daddy wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n kọjú sí oòrùn. Wọn ò lè rí mi mọ́ àfi bí òjìji. "Ta nìyẹn? Risi?"

"Èmi ni, sà. Ẹ kú ọdún, sà."

"Kò sí ìlà pupa níbí o," wọ́n ní. "O mọ ohun tó kàn."

Mo gbé ẹran sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́ kí orúnkún mi méjèèjì dún lórí pákó ilẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ ọ.